Orúkọ Tí Wọ́n Wá Tí Wọn Kò Rí: Ìwé Ìran Láàrin Àwọn Tó Ti Bábílónì Padà Wálé

Ẹ̀yin àgbà ìjọ, ẹ̀yin olùkọ́ Ilé-Ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi, àti gbogbo ẹ̀yin tí ẹ yọ̀ǹda ìrọ̀lẹ́ yìí láti gbọ́ mi, mo kí yín. Inú àwọn orí Bíbélì tí ọ̀pọ̀ wa máa ń fò ni ọ̀rọ̀ mi wà. Bí ẹni tó ń ka ẹ̀kọ́ bá dé orí kejì ìwé Ẹ́sírà, tó rí i pé àwọn ọmọ Páróṣì jẹ́ 2,172, àwọn ọmọ Ṣẹfatáyà 372, àwọn ọmọ Árà 775, kíá ni ohùn rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í sáré, àwa tí à ń gbọ́ náà á sì máa dúró de ibi tí ìtàn yóò ti tún bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, bàbá àgbà kan nínú kíláàsì Bíbélì tí mo ń darí béèrè lọ́wọ́ mi pé kí ni iye kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ń wá nínú ọ̀rọ̀ Ọlọ́run, nítorí pé ìwé náà kò fi ẹran pàápàá sílẹ̀: ẹṣin 736, ìbaaka 245, ràkúnmí 435, kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ 6,720. N kò rí èsì fún bàbá lọ́jọ́ náà. Ohun tí mo gbé wá lónìí ni èsì tí ó yẹ kí n ti fún wọn.

Ohun tí mo fẹ́ fi hàn kò ju ẹyọ kan lọ. Bí a bá fẹ́ mọ ohun tí ìwé ìran wà fún láàrin àwọn tó padà bọ̀ láti ìgbèkùn, kí á má kọ́kọ́ wo àwọn tí orúkọ wọn pé nínú rẹ̀. Àwọn tí wọ́n wá orúkọ wọn tí wọn kò rí i ni kí á wò, àti ohun tí wọ́n ṣe fún wọn.

Ẹ jẹ́ kí n to àwọn ọdún náà sílẹ̀ ná, gbogbo wọn ṣáájú ìbí Kírísítì. Ní 597, Nebukadinésárì kó Jèhóákínì ọba Júdà lọ sí Bábílónì pẹ̀lú àwọn ìjòyè àti àwọn oníṣẹ́ ọwọ́. Ní 587, tàbí 586 gẹ́gẹ́ bí àwọn mìíràn ti kà á, àwọn ọmọ ogun rẹ̀ padà wá, wọ́n sun ilé Ọlọ́run, wọ́n sì wó odi Jerúsálẹ́mù. Ní 539, Kírúsì ará Páṣíà gba Bábílónì, ọdún tó tẹ̀ lé e ni ó sì yọ̀ǹda kí àwọn ìgbèkùn máa lọ sílé. Àwọn tó bá Serubábélì àti Jéṣúà àlùfáà gòkè parí tẹ́ḿpìlì ní 515. Ẹ́sírà fúnra rẹ̀ kò dé títí di 458, Nehemáyà sì dé ní 445. Nítorí náà, nígbà tí Nehemáyà ṣí ìwé àwọn tó kọ́kọ́ gòkè wá, ìwé náà ti ń lọ sí ọgọ́rùn-ún ọdún.

Kí ni ó kù lọ́wọ́ Júdà lẹ́yìn iná yẹn? Kò sí ọba mọ́, kò sí pẹpẹ, kò sí odi, ààlà oko baba ẹni sì ti di ti ẹlòmíràn. Nǹkan mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yìí ni wọ́n fi ń mọ ara wọn tẹ́lẹ̀. Orúkọ nìkan ni ẹrù tí ẹni tí wọ́n ń kó lọ lè gbé láìjẹ́ pé ọmọ ogun gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. A sì ní ẹ̀rí láti ita Bíbélì pé wọ́n gbé e. Nínú àwókù Bábílónì ni wọ́n ti wú àwọn wàláà amọ̀ jáde tí wọ́n kọ ìpín òróró sí, ọ̀kan nínú wọn jẹ́ ti ọdún 592, orúkọ Jèhóákínì ọba Júdà sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú ìpín àwọn ọmọ rẹ̀ ọkùnrin márùn-ún. Àwọn wàláà mìíràn ti fara hàn láti àwọn abúlé Bábílónì tí wọ́n kó àwọn ará Júdà sí, ọ̀kan nínú àwọn abúlé náà ń jẹ́ Àl-Yàhúdù, èyí tí í ṣe Ìlú Júdà. Ìwé owó orí, ìwé gbèsè àti ìwé àdéhùn oko ni púpọ̀ nínú wọn, láti 572 títí dé 477, àwọn tó fi orúkọ Olúwa sọ ọmọ wọn lórúkọ sì kún inú wọn. Ẹni tó ń san owó orí fún ọba Bábílónì ṣì ń sọ ọmọ rẹ̀ ní orúkọ tí bàbá rẹ̀ lè mọ̀.

Àjò kì í dùn kí onílé má relé, ṣùgbọ́n ó dùn mọ́ ọ̀pọ̀ wọn ní Bábílónì, wọ́n sì jókòó síbẹ̀. Àwọn tó gòkè wá ni orí kejì Ẹ́sírà kà, orí keje Nehemáyà sì tún un kà. Ọ̀nà méjì ni wọ́n gbà kà wọ́n, èyí sì yẹ kí á fara balẹ̀ wò. Àwọn kan ni wọ́n fi orúkọ baba ńlá kà, bí àwọn ọmọ Páróṣì tí mo dárúkọ. Àwọn mìíràn ni wọ́n fi ìlú kà: Bẹ́tílẹ́hẹ́mù 123, Ánátótì 128, Jẹ́ríkò 345. Ó jọ pé ẹni tí kò ti agboolé ńlá wá, tí baba ńlá rẹ̀ kò ní òkìkí tí yóò kó odindi ìdílé sábẹ́ orúkọ kan, ìlú rẹ̀ ni ó dúró fún un bíi baba. Ìbéèrè méjì tí àwa náà máa ń bi àlejò nìyẹn: ọmọ ta ni ọ́, àti ará ibo ni ọ́? Ẹni tí kò bá lè dáhùn ọ̀kan lè dáhùn èkejì, àwọn tó kọ ìwé náà sì gba èyíkéyìí.

Ìlú tí wọ́n dárúkọ kì í ṣe orúkọ lásán. Ìwé Ẹ́sírà sọ ọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ orí náà, ó sì tún un sọ ní ìparí rẹ̀, pé olúkúlùkù padà sí ìlú rẹ̀. Ilẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà lórí rẹ̀. Òfin inú Léfítíkù orí 25 ti sọ pé a kò gbọdọ̀ ta ilẹ̀ títí láé, pé ọdún júbílì ni olúkúlùkù yóò padà sí ilẹ̀ ìní rẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ni olúkúlùkù, nígbà tí ìran méjì ti kọjá? Àwọn tí wọn kò kó lọ ti ń dáko lórí ilẹ̀ náà. Ìsíkíẹ́lì sì jẹ́ kí á gbọ́ ohùn wọn ní orí kọkànlá ìwé rẹ̀: wọ́n ní àwọn tó wà ní ìgbèkùn ti jìnnà sí Olúwa, àwọn ni a fi ilẹ̀ fún. Ẹnikẹ́ni nínú yín tí ó bá ti bá ẹbí rẹ̀ lọ sí kóòtù nítorí ilẹ̀ mọ ohun tí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ń béèrè. Adájọ́ yóò ní kí o sọ ẹni tó kọ́kọ́ tẹ ilẹ̀ náà dó, kí o sì ka àwọn tó jogún rẹ̀ ní ẹsẹẹsẹ títí ó fi kàn ọ́, bí orúkọ kan bá sì já láàrin, ẹjọ́ rẹ fẹ́ já pẹ̀lú rẹ̀. Kò sí ẹni tó máa ń fò orí bẹ́ẹ̀ nígbà tí ó bá jẹ́ ilẹ̀ baba tirẹ̀.

Nehemáyà lo ìwé yìí fún nǹkan mìíràn tí àwọn oníwàásù kì í sábà mẹ́nu bà. Ó ti mọ odi tán, ó sì wo inú ìlú. Ó ní ìlú gbòòrò, ó tóbi, ṣùgbọ́n àwọn ènìyàn inú rẹ̀ kò tó nǹkan, a kò sì tíì kọ́ ilé. Ìgbà yẹn gan-an ni ó wá ìwé ìran. Orí kọkànlá sọ ohun tó tẹ̀ lé e: wọ́n ṣẹ́ kèké láti mú ẹnì kan nínú mẹ́wàá wá gbé Jerúsálẹ́mù, àwọn ènìyàn sì súre fún àwọn tó fínnúfíndọ̀ wá. Nítorí náà, ìwé yìí bọ́ ẹrù sí ènìyàn lọ́rùn kó tó fún un ní ẹ̀tọ́. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà níbẹ̀ ni kèké lè mú kúrò nínú oko rẹ̀ láti wá máa gbé láàrin àwókù.

Ti pẹpẹ le ju ti ilẹ̀ lọ. Ìwé Númérì ti kìlọ̀ pé ẹni tí kì í ṣe irú-ọmọ Áárónì kò gbọdọ̀ súnmọ́ ibẹ̀ láti sun tùràrí, wọ́n sì rántí pé ọ̀kan nínú ẹ̀ṣẹ̀ Jéróbóámù ni pé ó fi àwọn tí kì í ṣe ọmọ Léfì ṣe àlùfáà. Àwọn àlùfáà tó gòkè wá jẹ́ 4,289, láti ìdílé mẹ́rin péré, èyí tó jẹ́ nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́wàá gbogbo ìjọ. Àwọn ọmọ Léfì kò ju 74 lọ. Nígbà tí Ẹ́sírà ń bọ̀ ní 458, ó tún ṣàyẹ̀wò àwọn ènìyàn rẹ̀ létí odò Áháfà, kò sì rí ọmọ Léfì kan ṣoṣo. Ó ní láti ránṣẹ́ sí Ídò ní Kásífíà kó tó rí 38, pẹ̀lú àwọn Nétínímù 220 tó ń ran àwọn ọmọ Léfì lọ́wọ́. Èrò tèmi ni pé kò yani lẹ́nu. Iṣẹ́ adènà àti iṣẹ́ gbígbé ohun èlò kì í ṣe iṣẹ́ tí ènìyàn ń fi oko àti ilé tó ti kọ́ sí Bábílónì sílẹ̀ lọ ṣe. Ẹ kíyè sí i pé ìwé náà sọ pé gbogbo àwọn Nétínímù 220 yìí ni a kọ orúkọ wọn. Ìránṣẹ́ tẹ́ḿpìlì ni wọ́n, àwọn tó kéré jù nínú ilé Ọlọ́run.

Ẹ́sírà fúnra rẹ̀ ka ìran tirẹ̀ ní orí keje, láti ọ̀dọ̀ Seráyà dé ọ̀dọ̀ Áárónì, orúkọ 16. Ẹni tó bá fi èyí wé orí kẹfà Kíróníkà Kìíní yóò rí i pé orúkọ mẹ́fà ni Ẹ́sírà fò láàrin. Yóò sì tún rí i pé Seráyà tí ó pè ní baba rẹ̀ ni olórí àlùfáà tí Nebukadinésárì pa ní Ríbílà nígbà tí Jerúsálẹ́mù ṣubú, èyí tó fi nǹkan bí 130 ọdún ṣáájú ìrìn-àjò Ẹ́sírà. Ọ̀rọ̀ yìí a máa da àwọn tó ń fi èdè mìíràn ka Bíbélì láàmú, ṣùgbọ́n kò yẹ kó da Yorùbá láàmú. Àwa náà ń pe ara wa ní ọmọ Odùduwà. Ọmọ tí Ẹ́sírà wí ni ọmọ tí a máa ń wí nínú oríkì, kì í ṣe ti ìwé ẹ̀rí ọjọ́ ìbí. Ohun tó wà fún ni láti so ẹni tó dúró lónìí mọ́ ẹni tí iṣẹ́ náà ti ọ̀dọ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Iye náà kò sì bá ara mu, n kò ní fi ìyẹn pamọ́ fún yín. Ìwé méjèèjì sọ pé gbogbo ìjọ jẹ́ 42,360, ṣùgbọ́n bí ẹ bá ro ìdílé kọ̀ọ̀kan pọ̀, ti Ẹ́sírà yóò jẹ́ 29,818, ti Nehemáyà 31,089. Àwọn akọrin jẹ́ 200 nínú ọ̀kan, 245 nínú èkejì. Ìwé tí ọwọ́ púpọ̀ ti dà kọ ni èyí, òǹkà sì ni ohun tó rọrùn jù fún adàkọ láti ṣì. Kò dààmú mi.

Ó wá kan àwọn tí mo tìtorí wọn wá. Láàrin orí kejì Ẹ́sírà, lẹ́yìn àwọn àlùfáà, àwọn ọmọ Léfì, àwọn akọrin, àwọn adènà àti àwọn Nétínímù, ìwé náà dárúkọ àwọn tó ti Teli-Mélà, Teli-Hárísà, Kérúbù, Ádánì àti Ímérì gòkè wá, tí wọn kò lè fi ilé baba wọn hàn, bóyá ọmọ Ísírẹ́lì ni wọ́n tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Ìtumọ̀ «teli» ni òkìtì àwókù ìlú àtijọ́. Ó jọ pé àwọn ará Bábílónì kó wọn sí ahoro láti lọ tún un dá, ó sì rọrùn láti ro bí orúkọ baba ńlá ṣe lè sọnù níbẹ̀, bí àgbà kan bá kú kó tó sọ ohun tó mọ̀. Àwọn ọmọ Deláyà, àwọn ọmọ Tobáyà àti àwọn ọmọ Nékódà ni wọ́n, gbogbo wọn jẹ́ 652.

Kí ni wọ́n ṣe fún wọn? Wọ́n kà wọ́n. Wọ́n kọ iye wọn sílẹ̀ nínú ìwé kan náà, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé wọn kò ní ẹ̀rí, orí náà kò sì sọ pé ẹnikẹ́ni lé wọn padà. Bí ó bá jẹ́ pé ìgbéraga ẹ̀jẹ̀ ni ìwé ìran wà fún, àwọn 652 wọ̀nyí kò bá má sí nínú rẹ̀ rárá, nítorí kò sí ohun tó rọrùn fún akọ̀wé bí pé kó fo ẹni tí kò ní bàbá tó gbajúmọ̀.

Lẹ́yìn wọn ni ìdílé àlùfáà mẹ́ta: àwọn ọmọ Hábáyà, àwọn ọmọ Hákósì àti àwọn ọmọ Básíláì. Ti Básíláì ni mo fẹ́ràn jù. Baba ńlá wọn fẹ́ ọmọ nínú àwọn ọmọbìnrin Básíláì ará Gílíádì, ó sì ń jẹ́ orúkọ àna rẹ̀. Ẹ rántí Básíláì yìí: arúgbó ẹni 80 ọdún tó bọ́ Dáfídì àti àwọn ènìyàn rẹ̀ ní Máhánáímù nígbà tí Ábúsálómù lé ọba kúrò nílé. Orúkọ tó níyì ni, ó sì lè jẹ́ pé iyì náà ni ọkọ yẹn rí tó fi fi orúkọ tirẹ̀ sílẹ̀. Ìgbà tí Dáfídì fẹ́ kú, ó sọ fún Sólómọ́nì pé kí àwọn ọmọ Básíláì wà lára àwọn tí ń jẹun lórí tábìlì ọba. Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, àwọn tó ń jẹ́ orúkọ yìí dúró níwájú gómìnà ní Jerúsálẹ́mù, gómìnà sì sọ fún wọn pé wọn kò gbọdọ̀ jẹ nínú ohun mímọ́ jùlọ. Orúkọ tó fún ènìyàn láyè lórí tábìlì ọba ni ó mú un kúrò níbi oúnjẹ pẹpẹ.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ bí gómìnà ṣe parí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ó ní kí wọ́n má jẹ ẹ́ títí àlùfáà kan yóò fi dìde pẹ̀lú Úrímù àti Túmímù, ohun mímọ́ tí àlùfáà fi ń béèrè ìdáhùn lọ́wọ́ Ọlọ́run. Gbogbo ẹjọ́ náà wà nínú «títí» yẹn. Wọ́n wá orúkọ wọn nínú ìwé, wọn kò rí i, wọ́n dá wọn dúró kúrò nídìí pẹpẹ. Ṣùgbọ́n wọn kò sọ pé irọ́ ni wọ́n ń pa, wọn kò gba ìlú lọ́wọ́ wọn, wọ́n sì gbà pé ìwé kò mọ gbogbo nǹkan, pé Ọlọ́run lè mọ ọmọ Áárónì kan tí akọ̀wé kò mọ̀.

Àwa tí a ń ka Bíbélì Yorùbá kò jìnnà sí ọ̀rọ̀ yìí. Samuel Àjàyí Crowther, tó wà lára àwọn tó tú u, jẹ́ ọmọdé nígbà tí wọ́n kó o lẹ́rú ní Òṣogùn ní 1821. Ní 1846 ni òun àti ìyá rẹ̀ tún rí ara wọn ní Abẹ́òkúta, níbi tí ọ̀pọ̀ àwọn Sàró tó ti Sierra Leone bọ̀ ti ń wá àwọn ènìyàn wọn kiri. Kò sí ìwé kankan tí wọ́n kọ ìran rẹ̀ sí tí ì bá lọ yẹ̀ wò. Ojú ìyá rẹ̀ ni ìwé.

Ẹ máa rí ojú mìíràn bí ẹ bá kọjá sí Kíróníkà Kìíní. Orí mẹ́sàn-án ni ó fi ka ìran, Ádámù, Sétì àti Énọ́ṣì ni ó sì fi bẹ̀rẹ̀, láìfi ọ̀rọ̀ kankan sáàrin wọn. Ẹni tó kọ ọ́ mọ̀ pé Ásíríà ti kó Rúbẹ́nì, Gádì àti ìdajì Mánásè lọ ní èyí tó ju 300 ọdún ṣáájú, ó sì sọ bẹ́ẹ̀ ní orí karùn-ún. Síbẹ̀ ó ka orúkọ wọn bí ẹni tó ń to ìjókòó sílẹ̀ fún ẹbí tí kò tíì dé. Nínú ìran Júdà gan-an, ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé Ṣéṣánì kò bí ọmọkùnrin, pé ó fi ọmọ rẹ̀ obìnrin fún Jáhà, ẹrú rẹ̀ ará Íjíbítì, ó sì ka ọmọ ẹrú yẹn títí dé ìran mẹ́tàlá. Ó kọ Bítíà ọmọ Fáráò sínú rẹ̀. Àdúrà Jábésì tí à ń gbà kíkankíkan ní gbogbo ìṣọ́ òru, àárín àwọn orúkọ wọ̀nyí ni ó wà. Ẹni tó bá ń fo ìwé ìran yóò fò ó.

Mo gbọ́dọ̀ sọ apá tó korò pẹ̀lú. Ìwé kan náà tó gba 652 wọlé ni a rí ìwé mìíràn nínú rẹ̀, ní orí kẹwàá Ẹ́sírà: orúkọ àwọn ọkùnrin tó fẹ́ àjèjì obìnrin, tí wọ́n sì gbà láti kọ̀ wọ́n sílẹ̀. Àwọn kan nínú àwọn aya náà ti bímọ. Àlàyé wà, pé ìjọ kékeré láàrin àwọn alágbára ń bẹ̀rù kí ó má bàa parẹ́, mo sì gba àlàyé náà. Síbẹ̀ n kò rí orúkọ obìnrin kankan nínú ìwé yẹn, àìsí wọn níbẹ̀ sì ń dùn mí. Bíbélì fúnra rẹ̀ kò fi ọ̀rọ̀ náà síbẹ̀. Orí kẹfà Ẹ́sírà ti sọ pé ẹni tó ya ara rẹ̀ kúrò nínú ìwà àìmọ́ àwọn orílẹ̀-èdè jẹ Àjọ Ìrékọjá pẹ̀lú wọn. Àìsáyà orí 56 ní kí àjèjì tó fi ara mọ́ Olúwa má ṣe sọ pé Olúwa yóò yà òun kúrò lára àwọn ènìyàn rẹ̀. Ìwé Rúùtù sì mú obìnrin ará Móábù kan, ó sọ ìtàn rẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó sì fi ìwé ìran parí rẹ̀, láti ọ̀dọ̀ Pérésì dé ọ̀dọ̀ Dáfídì.

Ẹ jẹ́ kí á padà sọ́dọ̀ àwọn ọmọ Hákósì kí n tó jókòó. Ìwé Kíróníkà sọ pé ilé wọn ni kèké keje mú nígbà tí Dáfídì pín iṣẹ́ àwọn àlùfáà, ṣùgbọ́n àwọn tó ti Bábílónì dé kò rí ìyẹn fi hàn. Ní 458, nígbà tí Ẹ́sírà kó fàdákà àti wúrà dé Jerúsálẹ́mù, ẹni tí wọ́n wọ̀n ọ́n lé lọ́wọ́ nínú ilé Ọlọ́run ni Mérémótì ọmọ Ùráyà àlùfáà. Ọdún 13 lẹ́yìn náà, nígbà tí Nehemáyà kọ orúkọ àwọn tó ń mọ odi, ó kọ Mérémótì ọmọ Ùráyà ọmọ Hákósì síbẹ̀. Kò pè é ní àlùfáà, kò sì sọ bóyá ẹnikẹ́ni ti dìde pẹ̀lú Úrímù àti Túmímù láàrin ìgbà náà. Ṣùgbọ́n apá odi méjì ni ó sọ pé ọkùnrin yìí tún ṣe, èkejì sì bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà ilé Élíáṣíbù olórí àlùfáà, ó dé òpin ilé Élíáṣíbù.